Ẹ Bi Ìyá Alábẹ: "Owó AutoCAD Ti Ju Owó Pláànù Lọ"

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin òǹkàwé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ewé yìí ṣì ń bèèrè ìdí tí wọ́n fi ń pè mí ní Ìyá Alábẹ. N kì í dábẹ́ fún ọmọ o. Nígbà tí mò ń kọ́ṣẹ́ yíyàwòrán ilé ní Mókọ́lá, n'Ìbàdàn, ìńkì la fi ń yà á sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí ọwọ́ bá ṣì, abẹ ìfárí la fi ń ha ìńkì náà díẹ̀díẹ̀ kí bébà má baà lu. Ọwọ́ mi dá ṣáká nídìí abẹ yẹn, lorúkọ bá lẹ̀ mọ́ mi. Obìnrin kan ti gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù rí.

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Ọ̀rọ̀ owó sọ́fítíwíà ìyàwòrán, irú AutoCAD tí wọ́n fi ń ya pláànù ilé lórí kọ̀ǹpútà, ló so wọ́n pọ̀.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo kàwé gboyè ND nínú iṣẹ́ yíyàwòrán ilé, mo sì ti dá dúró ní Òṣogbo láti ọdún tó kọjá. Ayédèrú AutoCAD tí ọ̀rẹ́ mi kan gbé sórí láptọ́ọ̀pù mi ni mo ń lò. Lóṣù tó kọjá, gbogbo fáìlì mi dàrú, pláànù ilé mẹ́ta sì bá a lọ. Ẹni tó bá mi tún un ṣe ní kí n mú 15,000 náírà wá kí òun fi kíráàkì tuntun sí i. Mo lọ wo iye tí ojúlówó jẹ́, àyà mi já. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní sọ mí di olè, tí kò sì ní sọ mí di onígbèsè? — Ọmọ yín, Òṣogbo.

Ìdáhùn: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Pláànù ilé mẹ́ta kì í ṣe eré.

Má san 15,000 yẹn. Ẹni tó fọ́ kọ́kọ́rọ́ sọ́fítíwíà ta fún ọ kò ṣe é nítorí Ọlọ́run, ohun tó fi pamọ́ sínú rẹ̀, ìwọ lo máa mọ̀ ọ́n kẹ́yìn. Ohun tó tún burú jù ni pé ẹni tó ń lo ayédèrú máa ń sá fún àtúnṣe, torí àtúnṣe ló ń tú u fó. Bẹ́ẹ̀ àwọn kòkòrò kan wà tó jẹ́ pé àwòrán ilé gan-an ni wọ́n ń wá. Ní 2012, ilé iṣẹ́ ESET tó ń gbógun ti kòkòrò orí kọ̀ǹpútà tú àṣírí ọ̀kan tí wọ́n pè ní ACAD/Medre.A. Èdè AutoLISP tí AutoCAD fúnra rẹ̀ ń sọ ni wọ́n fi kọ ọ́. Inú fódà àwòrán tí àwọn èèyàn ń fún ara wọn ló ń sá pamọ́ sí. Nígbà náà, bí èèyàn bá ti ṣí àwòrán, á fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ímeèlì kan ní Ṣáínà. Orílẹ̀-èdè Peru ló jẹ ìyà rẹ̀ jù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá mẹ́wàá àwòrán ló bá a lọ. Torí náà, fáìlì tó dàrú mọ́ ọ lọ́wọ́, bóyá orí ló bá ọ ṣe é.

Jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ owó. AutoCAD ti wà látọdún 1982. Tẹ́lẹ̀, èèyàn lè tọ́jú owó, kó rà á lẹ́ẹ̀kan, kó di tirẹ̀. Láti 2016 ni Autodesk ti pa títà yẹn tì, háyà ló kù, ọdọọdún la sì ń san án. Odidi rẹ̀ ń lọ sí nǹkan bí 2,000 dọ́là lọ́dún. Bí a bá ṣírò dọ́là kan sí 1,500 náírà, mílíọ̀nù mẹ́ta nìyẹn. Bí o bá ń gba 80,000 lórí pláànù ilé oníyàrá mẹ́ta, pláànù méjìdínlógójì lo máa yà fún wọn kí o tó ya ẹyọ kan fún ara rẹ. Èyí tí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù, tí wọ́n ń pè ní LT, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin owó náà, ìyẹn náà ṣì wúwo. Ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń fún akẹ́kọ̀ọ́ kò kàn ọ́ mọ́, torí o ti jáde, wọn ò sì fẹ́ ká fi í gbowó.

Kí o tó wá sọ́fítíwíà kankan, kọ́kọ́ bi ara rẹ: ta ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi, kí ló sì ń gbà? Onílé ń gba bébà. Bíríkìlà ń gba bébà, tó bá di ọjọ́ kẹta pàápàá á ti fi sìmẹ́ǹtì ya àwòrán tirẹ̀ sí i lára. Àwọn tó ń fọwọ́ sí pláànù náà, bébà tí wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí ni wọ́n ń wò. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹnì kan nínú wọn tó bi mí pé kí ni mo fi yà á.

Torí náà, LibreCAD ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ara QCAD, sọ́fítíwíà ìyàwòrán mìíràn, ni wọ́n ti yọ ọ́, bí ìgbà tí èèyàn gé igi ẹ̀gẹ́ lóko aládùúgbò lọ gbìn sí tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Fáìlì tí o máa gbà látorí íntánẹ́ẹ̀tì kò tó 100 MB, kò sì bínú sí láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Tèmi tó wà níwájú mi yìí, RAM rẹ̀ jẹ́ 4 GB, bọ́tìnì méjì ti bọ́ lára rẹ̀, ó sì ń gbé e dáadáa.

Wò ó, jẹ́ ká jọ ya yàrá kan. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí méjìlá tí gbogbo wa mọ̀ bí ẹni mowó, a ó yà á sí 3600 sí 3600 ní mìlímítà. (Ẹ̀yin oníṣirò ẹ ó ní 3658 ni. Ẹ mú bíríkìlà tó ń ka mm méjìdínlọ́gọ́ta wá kí n rí i.) Mú ìlà, kọ 0,0, tẹ Enter. Kọ @3600,0. Kọ @0,3600. Kọ @-3600,0. Lẹ́yìn náà kí o pa á dé. Àmì @ yẹn ló ń sọ fún un pé "láti ibi tí mo dúró sí"; bí o bá gbàgbé rẹ̀, ìlà rẹ á sá lọ sí ibi tí o kò rán an. Inú yàrá ti dé. Búlọ́ọ̀kù náìnì-ínǹṣì jẹ́ 225, nítorí náà mú Parallel, kọ 225, kí o sì tẹ ìta ìlà kọ̀ọ̀kan. Wàá rí i pé àwọn ìlà ìta kò pàdé níbi igun, àlàfo á wà níbẹ̀ bí eyín tó ká. Trim Two lo máa mú: tẹ ìlà kan, tẹ èkejì, wọ́n á bára wọn níbi igun. Ògiri ti dúró nìyẹn.

Ibi tí èmi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú nù ni ibi tí mo ti fẹ́ kọ ìwọ̀n sí i. Mo tẹ ibí, mo tẹ ọ̀hún, ìlà ìwọ̀n jáde, n kò rí nọ́ńbà kankan. Mo ní ayédèrú kọ́ yìí bí? Àṣé nọ́ńbà wà níbẹ̀ o. Gíga lẹ́tà rẹ̀ jẹ́ 2.5, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri 3600 ó dà bí kòkòrò lára erin. Inú ètò àwòrán náà, níbi tí wọ́n kọ Dimensions sí, ni wàá ti sọ General Scale di 100. Lẹ́tà á di 250, tí o bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí bébà ní 1:100 (mm kan lórí bébà fún mm 100 nílẹ̀), á padà di mm 2.5 tí ojú lè kà. Alẹ́ ọjọ́ méjì ni mo fi wá ọ̀rọ̀ kékeré yìí. Ìwọ ti rí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 jẹ́ mítà 15.24 sí 30.48. Ní 1:100, ó di mm 152 sí 305 lórí bébà, A3 á gbà á, àyè á sì ṣẹ́kù fún àpótí orúkọ. Níbi àyẹ̀wò ìtẹ̀wé ni wàá ti mú 1:100. Àmọ́ bí ó bá ti jáde láti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, má gbówó kalẹ̀ kí o tó fi rúlà wọn yàrá wa yẹn. Mm 36 ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ 34, ọmọ tó tẹ̀ ẹ́ ti ní kí ẹ̀rọ fún un mọ́ bébà. Jẹ́ kó tún un tẹ̀.

Kò ní ṣe gbogbo nǹkan fún ọ, n kò ní parọ́. Òró àti ìbú nìkan ló ń yà, kò ní gbé ilé dìde. Ó lè ṣí àwọn DWG kan (irú fáìlì tí AutoCAD fi ń tọ́jú àwòrán), kó kọ àwọn mìíràn, bẹ́ẹ̀ DXF nìkan ló ń fi pamọ́. DXF kì í ṣe ohun àjèjì: Autodesk fúnra wọn ló gbé e jáde kí sọ́fítíwíà ẹlòmíràn lè ka àwòrán wọn. Bí akitẹ́ẹ̀tì kan bá fi DWG ránṣẹ́ sí ọ, ODA File Converter wà, ọ̀fẹ́ ni, ó ń sọ DWG di DXF, ó sì ń dá a padà. Lẹ́yìn tí o bá ti yí i, tún un wò fínnífínní kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ. Àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń kún inú ògiri àti àwọn lẹ́tà ló kọ́kọ́ máa ń ṣe wèrè.

Bí o bá fẹ́ gbé ilé dìde kí onílé rí i, FreeCAD wà. Òun ni mo ń pè ní ọmọ tó pẹ́ lórúkọ: àwa ń sọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ, àwọn yìí bẹ̀rẹ̀ ní 2002, November 2024 ni wọ́n tó pe é ní 1.0. Ó lágbára, ó sì le. Má fi iṣẹ́ oníbàárà kọ́ ọ o. Ilé tí ìwọ fúnra rẹ ń gbé ni kí o fi kọ́ ọ, torí bí o bá ṣi òdiwọ̀n rẹ̀, ara rẹ lo máa bá jà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lọ́nà díẹ̀. Ọ̀fẹ́ méjì ló wà. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ olówó, tó lè gbà á padà nígbà tó bá wù ú. DraftSight ti ilé iṣẹ́ Dassault ní Faransé jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ọdún bíi mélòó kan, èmi náà lò ó, mo tiẹ̀ ń polówó rẹ̀ kiri. Nígbà tí 2019 parí, ọ̀fẹ́ parí. Sọ́fítíwíà tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi, tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé síbẹ̀, kò ṣí mọ́. Ọ̀fẹ́ kejì ni ti LibreCAD, FreeCAD àti Blender tí wọ́n fi ń ya àwòrán 3D: kóòdù wọn wà ní gbangba, àṣẹ tí wọ́n sì fi gbé e sílẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè kó o wọlé padà. Ní 2002, nígbà tí wọ́n fẹ́ ra Blender gbà sílẹ̀, àwọn tó ń lò ó dá 100,000 yúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méje. Èésú gidi nìyẹn. Bí o bá ń yan ohun tí o máa fi jẹun, béèrè irú ọ̀fẹ́ tó jẹ́.

Bí iṣẹ́ bá wá pọ̀, tí ó di pé ojoojúmọ́ lò ń bá àwọn tó ń lo DWG ṣe pàṣípààrọ̀, má fi ara rẹ wọ́lẹ̀ mọ́. ZWCAD àti BricsCAD ń ka DWG tààrà, owó wọn kéré sí ti AutoCAD, wọ́n sì ṣì ń ta àṣẹ tí èèyàn ń rà lẹ́ẹ̀kan. Nígbà náà o ti ní oníbàárà tí yóò san án.

Ìbéèrè: Ìyá, ẹ̀yin lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ tí kò ní ìwé àṣẹ bí wọ́n ṣe máa ya ilé lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́la ilé á wó, ẹ ó ní ẹjọ́ yín kọ́. — Akitẹ́ẹ̀tì, Ìkẹjà.

Ìdáhùn: Ẹ ò parọ́, sà. Ẹni tí ARCON, àjọ tó ń forúkọ akitẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kò mọ̀, kó gbé àwòrán rẹ̀ lọ sábẹ́ akitẹ́ẹ̀tì tó ní òǹtẹ̀. Ilé olókè sì gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ ẹnjiníà tí COREN, àjọ tiwọn, mọ̀ kí wọ́n tó da òpó ẹyọ kan. Ọmọ Òṣogbo yẹn, gbọ́ o, ìwọ ni mò ń bá wí.

Àmọ́ n kò gbà pé owó sọ́fítíwíà ló yẹ kó jẹ́ oníbodè wa. Pẹ́ńsùlù ò wọ́n rí. Mo mọ àtẹ̀gùn kan tí wọ́n fi AutoCAD ojúlówó yà, ìgbésẹ̀ kẹjọ rẹ̀ ga ju àwọn yòókù lọ, títí dòní gbogbo ẹni tó bá gùn ún ló ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Onílé náà ti mọ̀ ọ́n, ó máa ń kìlọ̀ fún àlejò látìsàlẹ̀.

Ìbéèrè: Mà, wẹ́dà ni mí l'Abẹ́òkúta. Géètì tí wọ́n gé òdòdó àti orúkọ sí lára irin pẹrẹsẹ làwọn oníbàárà ń fẹ́ báyìí. Àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń gé e ní kí n mú DXF wá. Ọmọ tó ń bá mi yà á ń gba 20,000 lórí ẹyọ kan. Ṣé èmi náà lè yà á? Ìwé mẹ́wàá ni mo kà.

Ìdáhùn: Ọ̀gá mi, ìwé mẹ́wàá ti pọ̀jù fún un. Ẹni tó lè fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó tẹ irin géètì kó sì ṣe rẹ́gí ti mọ ohun tó le jù níbẹ̀.

Inkscape ni kí ẹ wá, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Ẹ lè ya fọ́tò àpẹẹrẹ tí oníbàárà mú wá, kí ẹ gbé e sínú rẹ̀, kí ẹ sì ní kó bá yín sọ fọ́tò náà di ìlà. Trace Bitmap ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Ẹ fi í pamọ́ bíi DXF. Ṣùgbọ́n ẹ sún mọ́ ọn wò kó tó kúrò nílé. Bí àpẹẹrẹ náà bá jẹ́ ìlà tín-ín-rín, ó máa ń yà á ní méjì, ìlà lápá ọ̀tún, ìlà lápá òsì, iná á sì gba ojú kan náà kọjá lẹ́ẹ̀mejì. Irin á ká kò. Ẹ tún rí i pé ìlà kọ̀ọ̀kan pa dé pátápátá, torí ibi tó bá ṣí sílẹ̀ ni ẹ̀rọ máa ń dúró sí tí á máa wojú yín.

Ìwọ̀n wá ni àbíkú ibẹ̀. DXF àkọ́kọ́ tí èmi gbé lọ sọ́dọ̀ agérin, ínǹṣì ni mo fi yà á, òdòdó tó jẹ́ ínǹṣì 24. Ohun tó wà nínú fáìlì ni 24 lásán. Ẹ̀rọ rẹ̀ mm ló ń kà. Ọkùnrin náà kò bèèrè nǹkan kan, ó tẹ bọ́tìnì, iná ṣáná, ó sì na ọwọ́ sí mi: òdòdó tó yẹ kó gba ẹsẹ̀ bàtà méjì ti di yẹtí. Ó sì gba owó rẹ̀. Láti ìgbà náà, mm ni mo ń fi ya ohun gbogbo, mo sì máa ń ya àpótí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́, 100 sí 100. Màá ní kó kọ́kọ́ wọn àpótí yẹn lójú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí kò bá ti jẹ́ 100, ká má tíì tan iná.

Ti orúkọ wá yàtọ̀. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ gé ỌLỌ́RUN LÓ ṢE É sí i, ẹ rántí pé inú O á já bọ́. Nínú gbólóhùn kékeré yẹn, O mẹ́ta ló wà, ikùn R tún wà níbẹ̀. Bí ẹ bá gé e bí ó ṣe wà, ihò ràbàtà mẹ́rin lẹ máa bá, kò sẹ́ni tó máa mọ ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ẹ fi irin tóóró méjì sílẹ̀ nínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, lókè àti nísàlẹ̀, kó di inú rẹ̀ mú bí afárá. Fún irin tí ẹ ń lò fún géètì, mm márùn-ún sí mẹ́jọ tó fún afárá náà. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà kò ní wàhálà, ihò lásán ni wọ́n, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ̀rọ kò lè gé wọn. Ọlọ́run tí kò ní àmì, mo ti rí i lára géètì tó pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, Peckham ní London ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 14, fẹ́ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ilé ìwé wọn ṣe ọpọ́n ayò fún bàbá bàbá rẹ̀. Ó ní kí n ra sọ́fítíwíà fún òun. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má ra nǹkan kan. Tinkercad wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ohun tí ẹ máa gbé sórí kọ̀ǹpútà. Autodesk tí mo ti ń bú láti àárọ̀ ló ni ín, ká fún wọn ní tiwọn. Kó mú àpótí gbọọrọ kan, kó mú bọ́ọ̀lù méjìlá, kó sọ bọ́ọ̀lù náà di Hole, kó tẹ́ wọn ní mẹ́fà mẹ́fà sí ìhà méjì, kó wá so gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ihò méjìlá á jáde lẹ́ẹ̀kan náà.

Kó bi olùkọ́ rẹ̀ bí ojú ẹ̀rọ wọn ṣe fẹ̀ tó kó tó yan gígùn. Ọ̀pọ̀ wọn kò ju mm 220 lọ. Bí ọpọ́n bá gùn jù ú, kó ṣe é ní apá méjì tó ń ká pọ̀, ọpọ́n tó ń ká kì í ṣe ohun tuntun nílé wa. Bí ó bá dàgbà ju Tinkercad lọ, FreeCAD ń dúró dè é. Onshape náà ní ti ọ̀fẹ́, àmọ́ gbogbo ayé ló ń rí ohun tí èèyàn bá yà síbẹ̀.

Kó má wulẹ̀ tẹ ọmọ ayò o. Méjìdínláàádọ́ta ni, ike kì í sì í dún bí èso gidi lọ́wọ́ àgbàlagbà. Sọ fún ẹni tó ń bọ̀ láti ilé kó bá yín mú wọn dání.